Etí Ìyá Abà

Ẹ gbé e kúrò níwájú mi ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í ṣe pé inú ń bí mi. Tómi kò ṣe ohun tó burú. Ó ra wọ́tàmẹ́lọ̀n lọ́jà, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti oko wá, ẹ bá wa gbọ́ ọ wò, ṣé ó ti pọ́n?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, ẹ ń retí kí n tẹ etí sí i, kí n sì dájọ́ bí àgbà. Ojú ló tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sì dà nínú mi títí di òní. Ẹ jókòó. Wọ́tàmẹ́lọ̀n náà kò ní sá lọ.

Ẹ̀gúsí tí ẹ ń jẹ lóde òní, inú ọ̀rá lẹ ti ń bá a. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ bó o níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọ́n ti gbọ̀n ọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lọ̀ ọ́. Bí mo bá bi ọmọ mẹ́wàá ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí pé kí ni bàrà, ojú lásán ni wọn yóò máa wò mí. Bàrà ni èso tí ẹ̀gúsí ń gbé inú rẹ̀. Ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù ọmọdé, ó ní ilà funfun lára àwọ̀ ewé rẹ̀. Ẹ rí èyí tó wà lórí tábìlì yìí? Àbúrò rẹ̀ ni bàrà, wọ́n jọra wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu kàn án o. Inú rẹ̀ korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ.

Nígbà tí mo jẹ́ tísà, agùnbánirọ̀ kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti ọ̀nà jíjìn. Mo mú un lọ sí abà wa lọ́jọ́ kan. Oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì rí bàrà nílẹ̀ káàkiri. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí mà ń gbádùn!" Ó gé ọ̀kan, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́. Mo rí i kó tó gé e. Mi ò kìlọ̀ fún un, nítorí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Títí tí a fi padà dé Ìjẹ̀bú-Òde ló ń tu itọ́ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pè é ní Ọ̀gá Bàrà títí ọdún rẹ̀ fi pé. Mo máa ń fi í ṣe àwàdà tẹ́lẹ̀. Lónìí mo ń rò ó pé bí mo ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: mo mọ òótọ́, mo sì dákẹ́.

Abà wa kò jìnnà sí Ìbẹ̀fún. Ilé mẹ́fà péré ni, pẹ̀lú odò kékeré kan nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Abà. Òun ló ni oko ẹ̀gúsí tó tóbi jù. Irúgbìn tó ń gbìn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ìyá rẹ̀ náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ẹ̀gúsí náà tóbi, etí rẹ̀ nípọn, bí ẹ bá sè é, á dì lórí ọbẹ̀ bí ẹyin. Inú kèrègbè kan ló máa ń tọ́jú irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sí, á fi kọ́ sókè ààrò kí èéfín lè máa gbá a, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Ìgbà òjò àkọ́kọ́ la máa ń gbìn ín. Ìtàkùn á bo ilẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí ibi tí ẹ ó fẹsẹ̀ sí. Tó bá gbó, àwọn obìnrin abà á pé jọ, wọn á fi kùmọ̀ fọ́ bàrà, pó, pó, pó, láti òwúrọ̀. Wọn á kó o jọ ní òkìtì, wọn á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè jẹrà. Òórùn rẹ̀! Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lójú títì á dí imú, àwa á sì máa rẹ́rìn-ín wọn, nítorí òórùn yẹn ni ayọ̀ wa: ó ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà wọn á gbé e lọ sódò, wọn á ṣàn án nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gúsí tó gbó á rì, ìdọ̀tí á léfòó, omi á gbé e lọ. Wọn á sá a sórí ẹní. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á jókòó, wọn á máa bó o, tì, tì, tì, ẹnu ò sì ní dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó ń fẹ́ ta, ẹni tó bá ta jà, àti ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé kùmọ̀ sókè kí Ìyá Abà tó kan bàrà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ojú Ìyá Abà ti fọ́ kí n tó gboyè jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí kò fi rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, nígbà tí ẹ̀gúsí bá fẹ́ gbó, obìnrin kan á wá mú un lọ́wọ́ lọ sí oko. Kì í ṣe oko tirẹ̀ nìkan o, oko gbogbo abà. Á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ wá bàrà láàárín ewé, á fi egungun ìka àárín kàn án, á dẹ etí, á dìde, á lọ sí òmíràn. Tó bá kan bíi mẹ́wàá, á ní, "Ẹ fọ́ ọ," tàbí, "Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ báyìí." Wọn kì í bi í léèrè ìdí. Mo bi í rí. Ó ní èyí tí kò tíì gbó a máa dún kan-kan bí ìgò, èyí tó gbó a sì máa dún wúwo, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Mo kàn án lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ dún bákan náà létí mi. Mo mi orí bí ẹni pé ó yé mi.

Mo ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Tísà tuntun ni mí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, aṣọ mi máa ń gan, ẹnu mi sì máa ń gùn. Mo sọ fún Ìyá Abà pé lọ́dún yìí, èmi ni màá gbin oko wọn, lọ́nà ìwé, ní ìlà gbọọrọ, pẹ̀lú ajílẹ̀, kí ó lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Tísà," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, "ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Oko tí mo fẹ́ gbìn tóbi, nítorí náà ó sọ kèrègbè kalẹ̀, ó da gbogbo irúgbìn inú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Mo ti fọ́nnu fún àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n wá wo oko náà ní ìparí táàmù, pé wọ́n á bá ẹ̀gúsí lórí ẹní. Bí mo ṣe ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ni òjò dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nínú ìwé mi, tí ewé bá pọ́n, tí ìtàkùn bá ń gbẹ, ó ti gbó nìyẹn. Mo lọ mú Ìyá Abà.

Ó di èjìká mi mú, a dé oko, ó kàn, ó kàn, ó kàn.

Ó ní, "Ọmọdé ṣì ni."

Mo ní, "Ìyá, gbogbo ewé ló ti pọ́n o. Ẹ̀yin ni ẹ kò rí i."

"Ewé lo rí. Mi ò bá ewé sọ̀rọ̀. Òùngbẹ ló ń gbẹ ewé."

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo ń sọ, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìkọ́ fi gbé e. "Ìwé yẹn, ó ní etí ni? Fi í sílẹ̀ kí Agẹmọ kọjá. Tí àwọn obìnrin bá ti ń rìn padà, kí o wá mú mi."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ lè má mọ bí àsìkò ọdún òrìṣà Agẹmọ ṣe rí nígbà yẹn. Tí Agẹmọ bá ti ń bọ̀ lọ́nà, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Inú ilé ni wọ́n máa ń wà, ilẹ̀kùn á tì, ọ̀nà á dá wáí. Bí a kò bá fọ́ bàrà kí wọ́n tó dé, ó di ẹ̀yìn ọdún wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á sì ti wá, wọ́n á ti bá ewé gbígbẹ, wọ́n á ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ká mi lára kò ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ti kéré tó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Abà lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Dúpẹ́, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin abà, dúró níwájú ilé wa pẹ̀lú igi ìdáná lórí.

"Tísà! Ẹ̀yin ni mo ń wá. Ṣé Ìyá ti kan bàrà yín kí wọ́n tó lọ ni? Àwọn Agẹmọ ti fẹ́ dé o, tó bá di ọ̀tunla a ò ní lè yọjú."

Mo ní, "Wọ́n ti kàn án. Wọ́n ní ó ti gbó."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ó yá, ọ̀la nìyẹn. Kí ẹ ra búrẹ́dì sílẹ̀ o, kì í ṣe gírámà la ó jẹ!"

Ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo lẹ́nu mi rárá.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pé bíi mẹ́jọ. Ìyá Dúpẹ́ ló fọ́ àkọ́kọ́. Ó dún, kì í ṣe pó tí a mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó funfun, ó le, ẹ̀gúsí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó fọ́ òmíràn. Bákan náà.

Ó ní, "Tísà, èyí mà le o. Ó dá yín lójú pé Ìyá kàn án?"

Kí n tó lanu, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Ṣẹ́gun ti dá a lóhùn. "Ìwọ náà! Ṣé o fẹ́ mọ̀ ọ́n ju Ìyá lọ ni? Ìgbà wo ni Ìyá ṣì í rí? Wọ́n ní ó gbó, o ní ó le. Fọ́ bàrà, jàre, kí oòrùn tó mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Dúpẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé kùmọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ojú wọn rí i pé kò gbó. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n gba Ìyá Abà gbọ́ ju ojú ara wọn lọ, orúkọ rẹ̀ ni mo sì fi ràn wọ́n níṣẹ́. Ẹnu kan péré ni kí n là. Ìtàkùn ti já lára èyí tí wọ́n fọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣì wà lórí ìtàkùn. Mo dúró, mo ń pín búrẹ́dì. Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti fọ́ gbogbo oko tán.

Òórùn kò wá. Mo máa ń jí láràárọ̀, màá lọ dúró níbi òkìtì náà, màá fa imú. Ó kàn ń run bíi koríko tútù. Nígbà tí Agẹmọ kọjá, tí àwọn obìnrin sì lè rìn padà, a gbé e lọ sódò bó ti wà. Ìyá Dúpẹ́ da apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ sómi, ẹ̀gúsí sì léfòó. Ó bo ojú omi, ó funfun, ó ń lọ. Wọ́n fi ọwọ́ kó o, wọ́n fi aṣọ gbá a, ó ń gba àárín ìka wọn lọ. Ìwọ̀nba tó rì kò kún igbá kan. Nígbà tó gbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí èékánná. Bí ẹ bá fọ́ ọ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo tìtorí wọn ṣe é, wọn kò tilẹ̀ wá.

Ìyá Abà padà dé lọ́jọ́ kẹta tí a ti odò bọ̀. Kò tíì jókòó tán tí Ìyá Dúpẹ́ fi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, àwọn yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn. Ìyá, ẹ̀gúsí yẹn kò gbó o. Gbogbo rẹ̀ ló bá omi lọ. Tísà ló sọ fún wa pé ẹ ti kàn án, pé ẹ ní ó ti gbó, la fi fọ́ ọ."

Ìyá Abà gbọ́ ọ tán. Ó yí ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí mo wà gan-an. Mi ò tíì sọ̀rọ̀, mi ò tilẹ̀ mira, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó dúró dè mí. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì ń rí bí ó ṣe dúró dè mí. Ó fún mi láàyè tó pọ̀ tó kí n fi sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tún okùn bàtà mi so.

Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀gúsí kan. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó rọra fi eyín kàn án, ó mú un kúrò lẹ́nu.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú ló kọ́kọ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé etí náà ti ń tẹ̀lé e."

Ìyá Ṣẹ́gun kẹ́dùn, ó ní, "Áà, ọjọ́ orí ni, Ìyá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi." Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tù ú nínú, wọ́n túká. Nígbà tó ku èmi àti òun, mo rò pé yóò bú mi. Ó ní kí n bá òun gbé kèrègbè òfìfo yẹn kúrò lókè ààrò, pé kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò wá mú un lọ sí oko. Wọ́n ra irúgbìn mìíràn lọ́jà fún oko rẹ̀, kékeré ni, kò dì lórí ọbẹ̀. Ewé ni wọ́n ń wò. Mo wà nílé ní àárọ̀ kan tí àwọn obìnrin ń kọjá lọ fọ́ bàrà. Ìyá Abà ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó ti wọ bàtà oko. Ó jókòó sójú àga níta. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá," wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń kọjá. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní orúkọ lórúkọ, nítorí ó mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn lọ tán, ó bọ́ bàtà náà. Èmi ni mo rí i. Mo wọlé lọ mú ìwé mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ yẹn ti wá. Tí wọ́n bá pe ọmọdé tí kò dáhùn, tàbí tí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, wọ́n á ní, "Etí Ìyá Abà lo ní." Gbogbo Ìbẹ̀fún ló gbà á. Ó tẹ̀lé wa dé ìgboro. Nígbà Kérésì tó kọjá, nínú pálọ̀ yìí, ẹ̀yin náà ń fi pe ara yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rí i pé mo dìde lọ sí yàrá. Ẹ ní oorun ló ń kun Bàbá.

Ó ku ìkan. Ní bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àìsàn dá Ìyá Abà sílé ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, lápá Ìjàgun. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú bàrà kan wá. Mo já ọ̀kan ní abà, mo gbé e lọ. Ó ní kí n sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé bàrà náà lé mi lórí itan.

"Kàn án."

Mo kàn án.

Ó bá mi sọ èdè ilé wa, Ìjẹ̀bú gidi, bó ṣe máa ń bá mi sọ ọ́ nígbà tí mo kéré. "Ṣé wo gbọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ní, "Mo gbọ́ o, Ìyá."

"Kí ló wí?"

"Ó ti gbó."

Ó na ọwọ́, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ó dáa. Ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún ẹ, ọ̀nà jìn."

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi òkúta fọ́ ọ. Ó funfun, ó le, ẹ̀gúsí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èékánná. Kò sí nǹkan kan tó ṣe etí Ìyá Abà, ó ti gbọ́ pé kò gbó. Ó fẹ́ gbé ìmọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ, ó sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jáwọ́ nínú irọ́. Kò tún rí òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀lé e.

Ìyá Dúpẹ́ ti kú, Ìyá Ṣẹ́gun náà ti kú. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yìí kò sí mọ́, ẹ̀yin ló kù. Bí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé etí Ìyá Abà, ẹ sọ fún un pé etí náà kò ṣì í rí, tísà ló purọ́. Ẹ dárúkọ mi. Ẹ má fi bò.

Ó yá, Tómi, gbé e padà wá. O bi mí bóyá ó ti pọ́n. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mú ọ̀bẹ wá, kí o gé e. Bí kò bá pọ́n, a ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.